Ẹjọ́ Atukọ̀

Iṣẹ́ ìwé dídì ni mo fi jẹun láti ìgbà tí mo ti jáde ilé-ìwé girama títí ojú mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ìwé tó bá ti tú, tí èèpo rẹ̀ ti ya, tí ojú-ewé rẹ̀ ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi ni wọ́n ń gbé e wá fún. Màá tú u, màá rán an, màá fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹ̀yìn rẹ̀, màá sì wọ èèpo tuntun fún un. Òwú àti abẹ́rẹ́ kì í kúrò lọ́wọ́ mi, ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè mí ní Abẹ́rẹ́. Àwọn mìíràn ní torí pé mo tín-ín-rín ni, pé ọ̀rọ̀ mi sì máa ń gún èèyàn. N kò bá wọn jiyàn.

Ìyàwó mi kú ní oṣù mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Àwọn ọmọ ní kí n jókòó kí n sinmi, kí n yé rìn káàkiri ilé bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́. Ìjókòó kò bá mi lára mu. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n sọ bí mo ṣe fẹ́ ẹ, nítorí pé ó ku díẹ̀ kí ó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ẹ̀bi mi ni ì bá sì jẹ́.

Olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni nígbà náà, ní ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin tó wà lókè títì wa. Tíṣà ni gbogbo ayé ń pè é, èmi náà sì pè é bẹ́ẹ̀ títí ọjọ́ tó kú. Nígbà ìsinmi kan, ilé-ìwé náà kó ọgbọ̀n ìwé ránṣẹ́ sí mi, ẹ̀dà ìwé kan náà ni gbogbo wọn: ìwé ìtàn àtijọ́ kan tí wọ́n ti ń fi ṣe ìdánwò láti ayé àwọn bàbá wa. Ọ̀kan wà láàárín wọn tí ẹnì kan ti fi pẹ́ńsù kọ nǹkan sí etí gbogbo ojú-ewé rẹ̀. Mo rí i. Mo rò pé ọmọ aláìgbọràn kan ló ń ba ìwé jẹ́. Nígbà tí mo rán an tán, mo gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ ìgéwé bí mo ṣe gbé mọ́kàndínlọ́gbọ̀n yòókù, mo gé etí rẹ̀ kó lè gún régé. Kò ju ìbú ìka kan lọ tí mo gé kúrò. Ìbú ìka kan yẹn ló gbé ìdajì ohun tí Tíṣà ti fi ọdún mẹ́fà kọ lọ.

Ó wá lọ́jọ́ kejì tí wọ́n wọlé. Kò pariwo. Ó gbé ìwé náà sórí tábìlì mi, ó ṣí i, ó ní kí n bá òun ka ibi tí òun fi ìka lé. Mo kà á: "Ọkùnrin yìí fẹ́ràn." Ibẹ̀ ni ọ̀bẹ ti kọjá.

"Fẹ́ràn kí ni?" ó béèrè.

Mo ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ oúnjẹ.

Kò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ṣé ẹ̀yin ni wọ́n ń pè ní Abẹ́rẹ́? Ọ̀bẹ ló yẹ kí wọ́n máa pè yín."

N kì í ṣe ẹni tí ẹ̀bẹ̀ máa ń yá lẹ́nu. Mo sọ fún un pé ìwé gbọ́dọ̀ dọ́gba létí, pé bí a ṣe ń dì í nìyẹn, pé etí ìwé kì í ṣe ibi ìkọ̀wé. Ó ní ta ló wá ni etí ìwé. Ó dúró síbẹ̀, ó ń ṣí ojú-ewé kọ̀ọ̀kan, ó ń ka ìdajì ọ̀rọ̀, ó ń dákẹ́, ó tún ń ṣí òmíràn, bí ẹni tó ń wá ẹrù nínú ilé tó jó. Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀. Mo gbọ́ tí mo sọ pé màá tún ìwé náà tú, màá rán òfìfo ìwé kan sáàárín ojú-ewé kọ̀ọ̀kan, kó máa wá ní ọ̀sán Sátidé, kó máa sọ ohun tó kọ tẹ́lẹ̀ fún mi, èmi yóò máa kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara mi. Ó béèrè ìdí tí òun ò fi ní í kọ ọ́ fúnra òun. Mo ní ẹni tó ṣẹ̀ ni ìyà tọ́ sí.

Ìgbà yẹn ló tó wo ojú mi dáadáa. "Sátidé, aago mẹ́rin," ó ní, ó sì jáde.

Ìtàn inú ìwé náà kò gùn láti sọ. Atukọ̀ kan wà tó ń fi ọkọ̀ kó èèyàn sọdá odò. Ọmọbìnrin oníṣòwò aṣọ kan máa ń wọ ọkọ̀ rẹ̀ láràárọ̀. Atukọ̀ fẹ́ràn ọmọbìnrin náà fún ọdún méje, kò sọ ọ́ jáde lọ́jọ́ kan. Bàbá ọmọ wá fi ọmọ fún ọkùnrin kan tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tó ní ilé alájà mẹ́ta lódìkejì odò. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, atukọ̀ yìí kan náà ló gbé ìyàwó sọdá. Ìlú yìn ín pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó parí. Ìbéèrè tí wọ́n sì máa ń bi àwọn ọmọ ilé-ìwé ní ọdọọdún ni pé, nínú bàbá, atukọ̀ àti ìlú, ta ló jẹ̀bi?

Lójú Tíṣà, atukọ̀ ló jẹ̀bi. Gbólóhùn tí mo gé sí méjì ni pé ọkùnrin yìí fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ ju obìnrin náà lọ. Nígbà tó pè é fún mi ní Sátidé àkọ́kọ́, mo gbé bíró mi dúró.

"Ẹ kọ ọ́," ó ní.

"Màá kọ ọ́. Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀."

"Báwo ló ṣe rí?"

Mo ní kí ló fẹ́ kí ọkùnrin náà sọ? Ọkọ̀ tó ń tù kì í ṣe tirẹ̀. Yàrá kan ló ń gbé. Ó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀ ni.

"Ìwọ̀n ara rẹ̀," ó ní, ó rọra ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń tọ́ nǹkan wò. "Ta ló bá a wọ̀n ọ́n?"

Mo ní ìlú ni. Ó ní ẹ kúkú kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Ó ní kí n wo ìlú inú ìwé yẹn dáadáa, wọn ò na ẹnikẹ́ni níbẹ̀, wọn ò lé ẹnikẹ́ni kúrò, ìyìn ni wọ́n fi ń de èèyàn. Wọ́n ń yin ẹni tó dákẹ́, wọ́n ń yin ọmọ tó gbọ́ràn, ẹni tí wọ́n bá sì ti yìn tó, kò ní lè mira mọ́. Mo kọ ọ́. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ lọ, mo rántí gbogbo ẹni tó ti sọ nípa mi pé, "Abẹ́rẹ́ yẹn, kò lọ́rọ̀ lẹ́nu, ọmọlúàbí ni," ọ̀rọ̀ náà kò sì dùn mọ́ mi nínú bíi ti tẹ́lẹ̀.

Lórí bàbá inú ìwé, a tún yà síra. Mo kórìíra ọkùnrin náà. Mo ní ilé alájà mẹ́ta ló fi ọmọ rẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀. Tíṣà ṣí ojú-ewé kan tí n kò kà sí rí, níbi tí bàbá náà jókòó tó ń gbọ́ òjò lórí páànù. Ó ní òǹkọ̀wé kò fún ẹlòmíràn ní òjò nínú ìwé yẹn, bàbá nìkan ló fún. Ó ní ẹni tó ti sùn nínú ilé tó ń jò rí ni, ẹ̀rù ló ń bà á, kò burú. Mo ní ẹ̀rù kì í sọ ẹ̀bi di àre. Ó ní, "Ó dáa, ẹ kọ tiyín sí abẹ́ tèmi." Bẹ́ẹ̀ ni èrò mi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ìwé rẹ̀.

Oṣù mẹ́ta gbáko la fi ṣe é. Bí ọjọ́ Ajé bá ti mọ́, mo ti ń wo ọ̀nà Sátidé. Mo ń rán ìwé ìṣirò mọ́ ìwé orin. Mo gé ìka ara mi lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá jókòó síwájú mi tán, n kò ní rí nǹkan kan sọ àyàfi ọ̀rọ̀ atukọ̀, mo sì mọ̀ pé òun náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ara mi ni mò ń sọ. Mo ń bi ara mi pé kí ni olùkọ́ tó ka ìwé tó bẹ́ẹ̀ yóò fi ọkùnrin tó ń lẹ ẹ̀yìn ìwé ṣe. Mo ń bi ara mi, mo sì ń dá ara mi lóhùn.

Àbúrò ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ mọ àṣírí mi. Aránṣọ ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tèmi. Ìyá Tíṣà ti kú láti kékeré rẹ̀, ìyá kékeré yìí ló tọ́ ọ. Ó wọlé tọ̀ mí wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó ní òun ti ń wo Sátidé méjìlá láti ojú fèrèsé òun, pé ìwé wo ló nípọn tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rín pa mí, mo sì jẹ́wọ́. Ó ní ṣé mo ti sọ fún ọmọ náà. Mo ní rárá.

"Ta lẹ ń dúró dè?"

Mo ní n kò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ó ní kí n fi lé òun lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kejì ó mú èsì wá: Tíṣà ní bó bá jẹ́ pé òótọ́ ni, kí n lọ rí bàbá òun. Inú mi dùn débi pé n kò ronú kan ohun tó sọ mọ́. Mo rò pé ọ̀nà tó yẹ ni mo gbà.

Bàbá Tíṣà jẹ́ akọ̀wé kóòtù tó ti fẹ̀yìn tì. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi kọ ẹ̀rí àwọn ẹlòmíràn sílẹ̀, ó sì ti mọ́ ọn lára kó máa wo èèyàn bí ẹni tó fẹ́ búra. Ìyá kékeré ṣàlàyé fún mi pé ọkùnrin kan ti wà nílẹ̀, Alábẹ̀wò ilé-ìwé, èèyàn dáadáa, oníwèé gidi, ìjọba ń gbé e lọ sí ìlú mìíràn lẹ́yìn sáà yìí, bàbá sì fẹ́ kí Tíṣà bá a lọ. Ó ní ìbéèrè kan ṣoṣo ni bàbá máa ń bi ẹni tó bá wá fẹ́ ọmọ òun. Ìwé atukọ̀ kan náà yẹn ni bàbá kà nígbà tí wọ́n wà ní ilé-ìwé, wọn ò sì ka òmíràn láti ìgbà náà. Wọ́n ní ẹni tí kò bá mọ ẹjọ́ àwọn ẹni inú ìwé dá, kò ní mọ ti inú ilé rẹ̀ dá. Ọkọ ẹ̀gbọ́n Tíṣà tí kò ka ìwé náà rí ní láti ra ọ̀kan, ó kà á ní ọ̀sán mẹ́ta, ó ṣàìsàn.

"Ta lẹ rò pé bàbá máa ń dá láre?" ó bi mí.

Mo ní n kò mọ̀.

"Bàbá inú ìwé ni. Bàbá tó ríran jìnnà. Ohun tí Alábẹ̀wò sọ nìyẹn, wọ́n sì fi ọwọ́ gbá a léjìká. Ohun tí ẹ̀yin náà máa sọ nìyẹn."

Mo ní kì í ṣe ohun tí mo gbà gbọ́.

"Ọmọ mi, òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Ṣé ìgbàgbọ́ lẹ fẹ́ gbé níyàwó ni?"

Mo lọ ní ọjọ́ Àìkú. Mo ti rìn yí òpópónà wọn ká lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó wọlé. Yàrá ìjókòó wọn mọ́ tónítóní, àwọn àga dúró gbágbágbá, aago ńlá kan ń dún lára ògiri. Bàbá bi mí ní iṣẹ́ mi, ó bi mí ní ìwé tí mo kà, mo ní girama. Ó mi orí. Lẹ́yìn náà ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Ọ̀dọ́mọkùnrin, o mọ ìwé atukọ̀ yẹn. Ta ló jẹ̀bi?"

Mo fẹ́ sọ òótọ́. Mo mọ̀ pé mo fẹ́ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo rí ẹsẹ̀ ara mi lórí kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀, bàtà tí gọ́ọ̀mù ti gbẹ sí lára. Mo ní, "Atukọ̀ ni, sà. Bàbá ló jàre." Ì bá dára ká ní mo dúró síbẹ̀. Ẹ̀rù mú kí n máa sọ ọ́ lọ. Mo ní ọ̀lẹ ni atukọ̀ náà, aláìmọ̀wọ̀n-ara-ẹni, pé kí ló gbé ojú sókè wo ọmọ ọlọ́mọ sí, pé ohun tí ojú àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọ̀dọ́ gun òkè kò lè rí i. Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́. Nígbà tí mo gbé ojú sókè, Tíṣà dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú omi lórí àwo. Ó rọra gbé àwo náà sórí tábìlì, omi kò dànù rárá. Ó padà wọlé.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, kò wá. Aago mẹ́rin kọjá, márùn-ún kọjá. Ní aago mẹ́fà, ìyá kékeré wọlé, kò sì bá mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní iṣẹ́ ni wọ́n rán òun, wọ́n sì ní kí òun jẹ́ ẹ bí òun ṣe gbà á.

"Ó ní òun lè bá ọkùnrin tí kò gbà pẹ̀lú òun gbé. Ó ní ẹni tí òun máa kọ́kọ́ bi pé ta ló wà ní ìjókòó kí òun tó mọ̀ bóyá òótọ́ ló sọ, òun ò lè bá ìyẹn gbé. Ó ní oṣù mẹ́ta lẹ fi gbèjà ọkùnrin yẹn níwájú òun, ọjọ́ kan lẹ fi tì í sómi níwájú bàbá òun."

Mo ní ẹ̀yin lẹ ní kí n sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà jáde kí n tó lè dá a dúró. Ó wò mí tàánútàánú, ó ní, "Èmi ni, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ lẹ fẹ́ gbé níyàwó." Ó ní bàbá ti gbà fún mi o, wọ́n ní mo lọ́gbọ́n ju bí mo ṣe rí lọ. Ṣùgbọ́n Tíṣà ti kọ̀. Alábẹ̀wò ń bọ̀ wá gba èsì rẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú kẹta sí òní, kò sì sí ohun tó dá a dúró mọ́.

Mo ti rí ìyà díẹ̀ láyé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn wà lára rẹ̀. N kò lè jókòó. Bí mo bá gbé ìwé sílẹ̀, màá dìde lọ sẹ́nu ọ̀nà. Bí mo bá dé ẹnu ọ̀nà, màá rántí ìwé. Mo rìn dé iwájú ilé-ìwé wọn, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ojú fèrèsé, ó ń bi àwọn ọmọ ní nǹkan kan, mo sì yípadà bí olè. Mo kọ lẹ́tà mẹ́rin, mo ya mẹ́rin. Nígbà mìíràn, màá ní kí ló tilẹ̀ ṣe mí, mo gba ọmọ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, kí ni obìnrin náà tún ń wá. Nígbà mìíràn, màá ní ó tọ́ bẹ́ẹ̀, kó máa lọ bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, èmi á dákẹ́, èmi á gbà á bí ọkùnrin. Ọjọ́ tí mo ronú ìyẹn dé ìdí, mo gbé abẹ́rẹ́ ọwọ́ mi sílẹ̀. Èmi àti atukọ̀ ti di ọ̀kan náà, ó ku kí n gbé ìyàwó sọdá fún wọn.

Mo mú ẹ̀dà kan nínú ìwé náà tó ṣẹ́ kù sí ṣọ́ọ̀bù mi, mo kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. N kò wá ẹni tó jẹ̀bi mọ́. Ọmọbìnrin náà ni mò ń wá. Ojú-ewé igba ó lé ní ogún, gbólóhùn mẹ́rin péré ló sọ, méjì nínú rẹ̀ jẹ́ ìkíni. Mo tún un kà. Mẹ́rin náà ni.

Ní ọjọ́ Àìkú kẹta, mo wọ inú yàrá ìjókòó yẹn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè mí. Alábẹ̀wò ti wà níbẹ̀, fìlà rẹ̀ wà lórí orúnkún rẹ̀, ọkùnrin tó rí dáadáa. Ìyá kékeré jókòó sí igun. Tíṣà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga bàbá rẹ̀, kò wo ọ̀dọ̀ mi. Mo kí wọn. Bàbá ní kí n jókòó. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, bí mo bá jókòó, n kò ní lè sọ ọ́.

"Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ bi mí ní ìbéèrè kan níbí, sà. Irọ́ ni mo fi dá yín lóhùn."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ẹ̀rí tí o jẹ́ lo fẹ́ yí padà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"O mọ ohun tí kóòtù máa ń ṣe fún irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀?"

Mo ní n kò mọ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣe é. Ó béèrè ẹni tó kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ ti àkọ́kọ́. Mo rí i tí ìyá kékeré wo ilẹ̀. Mo ní ẹnu mi ló ti jáde, sà, kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀.

"Ó dáa. Ta ló wá jẹ̀bi?"

Mo ní bàbá inú ìwé jẹ̀bi, sà. Mo rí i tí ojú rẹ̀ le. Mo ní mo mọ̀ pé ẹ̀rù ló bà á, pé ilé tó ń jò kò ṣeé gbàgbé, ṣùgbọ́n ó jẹ̀bi. Mo ní atukọ̀ náà kò ṣe ọ̀lẹ, mo purọ́ mọ́ ọn. Ibi tí mo múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀ dé nìyẹn. Ó yẹ kí n kí wọn kí n máa lọ. Mo dúró síbẹ̀.

"Ohun kan wà nínú ìwé yẹn, sà, tí n kò rí tẹ́lẹ̀," mo ní. "Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí ẹni tó bi ọmọbìnrin náà léèrè ohun tó fẹ́. Bàbá rẹ̀ ò bi í. Ìlú ò bi í. Atukọ̀ tó ní òun fẹ́ràn rẹ̀, ọdún méje, kò bi í. Àwa tí a ń kà á náà, a kàn ń bá ara wa jà lórí ẹni tó jẹ̀bi ni. Èmi náà, mo rán èèyàn sí ọmọ yín, mo wá bá ẹ̀yin, mo purọ́ fún yín nítorí rẹ̀. N kò bi òun alára rí."

Mo yíjú sí i.

"Tíṣà, kí ni ẹ̀yin fẹ́?"

Ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn àga bàbá rẹ̀. "Bàbá," ó ní, "ó ku ẹ̀yin."

Bàbá tún awò ojú rẹ̀ wọ̀, ó kọjú sí ọmọ rẹ̀. Ọkùnrin tó ti gbọ́ ẹjọ́ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni, kò kọ ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀ rí láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Nígbà tó máa fọhùn, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, kí lo fẹ́?"

"Mo fẹ́ dúró sí ilé-ìwé mi, Bàbá. N kò fẹ́ lọ sí ìlú mìíràn." Ó nawọ́ sí mi. "Ọkùnrin yìí ni mo fẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe lónìí. Mo ṣì ń bínú sí i."

"Sọ ọ́ sókè. Etí mi ti ń di."

"Mo ní Abẹ́rẹ́ ni mo fẹ́."

"Mo ti gbọ́," ni bàbá wí. "N kò sọ pé mo fara mọ́ ọn o. Mo ní mo ti gbọ́." Oṣù mẹ́jọ ló gbà á kó tó fara mọ́ ọn, ní gbogbo oṣù mẹ́jọ náà kò pè mí ní orúkọ kankan ju "ẹlẹ́rìí" lọ.

Alábẹ̀wò dìde, ó dé fìlà rẹ̀. Ó ní ọ̀pọ̀ ìdánwò lòun ti bẹ̀ wò láyé, èyí tí òun yege tí wọ́n sì tún fagi lé, èyí ni àkọ́kọ́. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé ó dùn ún. Èèyàn dáadáa ni.

Tíṣà sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Ó tún bá mi jáde. A ń lọ sísàlẹ̀ òpópónà náà, oòrùn wà lójú wa, àwọn aládùúgbò ń kí wa, a ń dáhùn.

"N kò tíì darí jì yín," ó ní.

"Mo mọ̀."

"Mo sì tún fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé atukọ̀ yẹn jẹ̀bi síbẹ̀síbẹ̀."

Mo ní kò jẹ̀bi. Ó ní ṣé kì í ṣe èmi ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ tán nínú ilé pé kò bi ọmọ náà léèrè. Mo ní àìbéèrè yàtọ̀ sí àìfẹ́ràn. Ó ní lọ́wọ́ ta ló ti yàtọ̀, lọ́wọ́ ẹni tó dákẹ́ ni àbí lọ́wọ́ ẹni tí wọn ò bi? Mo ní kó jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi. Ó ní òun ti gbọ́ ọ̀rọ̀ mi fún oṣù mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a bọ̀ títí a fi dé ojú títì, a dúró síbẹ̀, a ṣì ń jiyàn, ó pẹ́ kí n tó rántí pé ó ti ní èmi ni òun fẹ́, àti pé ó yẹ kí inú mi máa dùn.